Ọjọ́ tó bá ti ibi ìtọ́jú dé gan-an ni iṣẹ́ àdúgbò bẹ̀rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí ẹni tó ń lo oògùn olóró bá ti ibi ìtọ́jú dé, ṣe ni tẹbí-tọ̀rẹ́ máa ń dúpẹ́ pé ó ti bọ́. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ yẹn léwu púpọ̀. Ara tó ti sinmi lọ́wọ́ heroin tàbí codeine kò lè gba ìwọ̀n tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, tó lo iye tó ti mọ́ ọn lára, èémí lè dá.

Nítorí náà, kó tó dé ni kí ẹ ti múra. Kí ẹni méjì, ó kéré tán, mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́n naloxone, oògùn tó ń dá agbára heroin àti codeine dúró kí èémí lè padà, sí ihò imú. Ẹ pè é, kò dáhùn. Ẹ fi eegun ìka ra igbá-àyà rẹ̀, kò mira. Ó ń hanrun kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, ètè àti èékánná rẹ̀ ti ń rí bí eérú: ẹ má dúró mọ́. Ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì, ẹ fọ́n naloxone sí ihò imú rẹ̀ kan, ẹ dá orí rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 5. Bí kò bá mí dáadáa lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 sí 3, ẹ tún un fọ́n sí ihò imú kejì. Omi tútù kò lè dá èémí padà, ẹ jọ̀ọ́.

Ìgbà tó bá lajú ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, tí wọ́n á ní kó lọ sùn. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 90 ni agbára naloxone sábà máa ń tán, ohun tó lò sì lè ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹnì kan jókòó tì í títí ọkọ̀ fi máa dé.

Ẹ má sì já methadone tàbí buprenorphine, àwọn oògùn ìtọ́jú tí wọ́n ń fún un kó má baà padà sídìí heroin tàbí codeine, gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pé “oògùn náà kọ́ nìyẹn?” Láti 2005 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka méjèèjì mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí. Ọjọ́ tó yẹ kó lọ gbà á ni kí ẹ máa bi í, kí ẹnì kan sì sìn ín lọ.

Èyí tó ń dùn wá jù ni èébú. Ẹni tí wọ́n ń bú á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara pamọ́. Yóò tilẹ̀kùn mọ́rí, yóò lò ó ní òun nìkan, naloxone á sì wà ní yàrá kejì láìsí ẹni tó máa fọ́n ọn. Ẹ jẹ́ kó mọ ẹnì kan pàtó tó lè pè lóru, tí kò ní pariwo mọ́ ọn.

Àwa ni,
Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó ń jáwọ́ nínú oògùn olóró