Ìfáárà àkọ́sórí kò ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ìmọ̀ràn tí ẹ gbé jáde fún àwọn tó fẹ́ ṣe IELTS, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó, pé kí wọ́n há ìfáárà tó dùn létí sórí kí wọ́n tó wọ gbọ̀ngàn. Ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ọn. Èmi tí mò ń kọ́ wọn ní àròkọ yìí, irú ìfáárà bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń fi bíírò pupa fà jù.

Ẹ wo ọ̀kan. Ìbéèrè ní ó yẹ kí iléèwé fòfin de fóònù nínú kíláàsì, báwo lẹ ṣe gbà bẹ́ẹ̀ tó? Akẹ́kọ̀ọ́ gbé “In this modern era of globalisation” kalẹ̀, ó yin ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó ní ọ̀rọ̀ náà ń fa awuyewuye káàkiri àgbáyé, ó wá ní òun yóò yẹ̀ ẹ́ wò tọ̀tún tòsì. Ìpínrọ̀ kan ti lọ, n ò tíì mọ̀ bóyá ó fẹ́ òfin náà tàbí kò fẹ́. Ẹ yọ fóònù kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ fi ẹran ọ̀sìn rọ́pò, ìfáárà náà á ṣì bá a mu!

Gbólóhùn méjì ti tó. Kí èkíní tún ìbéèrè sọ lọ́rọ̀ ara ẹni, torí wọn kì í ka ohun téèyàn bá dà kọ látinú ìbéèrè mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kí èkejì sọ ibi tó dúró sí àti ìdí. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan padà kọ rèé: àwọn kan ò fẹ́ kí ọmọ iléèwé lo fóònù lásìkò ẹ̀kọ́, òun gbà bẹ́ẹ̀ fáwọn ọmọ kékeré, torí kì í jẹ́ kí wọ́n fọkàn síbi ẹ̀kọ́, àmọ́ àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ lè fi ṣe ìwádìí bí olùkọ́ bá ń ṣọ́ wọn. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì ńlá kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, mo ti mọ ohun tí ìpínrọ̀ méjì tó kàn máa dá lé, mo sì mọ ibi tó gbà dé.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé ẹni tó bá gbè sápá kan á pàdánù máàkì. Irọ́ ni. Èèyàn lè gbà délẹ̀délẹ̀, ó sì lè kọ̀ jálẹ̀. Èyí tí kò dáa ni kí ìfáárà ní bẹ́ẹ̀ ni, kí àgbálọgbábọ̀ ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó ń kọ̀wé kó tó pinnu lọ̀rọ̀ yẹn máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Nínú 40 ìṣẹ́jú tí wọ́n ní kéèyàn lò fún Task 2, ìyẹn àròkọ yìí, ẹ fi bíi márùn-ún ronú ná. Máàkì rẹ̀ kúkú jẹ́ ìlọ́po méjì ti Task 1, iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìdánwò ìwé kíkọ náà.

Bí ẹ bá tún máa gbé irú ìmọ̀ràn yìí jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ìbéèrè kan pẹ̀lú ìfáárà tó bá a mu sábẹ́ rẹ̀, kí òǹkàwé fojú ara rẹ̀ rí i.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan