Ọjọ́ Tí Ẹ Bá Gúnlẹ̀, Ọjọ́ Ìkókó Ni

Ẹ̀yin ọmọ mi, tọkọtaya tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́mọ jó,

Mo kí yín o. Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́. Bí ọdún bá ti ń parí lọ ni a máa ń rí irú yín tí ń gba Iléṣà kọjá lọ wo omi ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ìkógòsì ní Èkìtì: ọkọ̀ méjì, ọ̀rẹ́ rẹpẹtẹ, ìkókó kan láàárín wọn. Ó máa ń wù mí. Láyé tiwa, ẹni tó bá gbé ọmọ ọwọ́ rin ọ̀nà jíjìn, òkú ló ń lọ sin tàbí ìyàwó ló ń lọ gbé. Kí èèyàn kàn gbé ọmọ lọ síbi omi torí àtigbafẹ́, ta ló rò ó? Nítorí náà, ẹ má retí pé n óò ní kí ẹ jókòó sílé. Ẹ máa lọ. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì fẹ́ bá yín sọ kò ju ẹyọ kan lọ: lọ́jọ́ tí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ má lọ síbì kankan. Ọjọ́ ọmọ lọjọ́ náà. Kí àwọn ọ̀rẹ́ yín sì ti gbọ́ ọ kí ẹ tó kúrò nílé, kó má di pé ẹnu géètì lẹ óò ti máa ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò gùn. Ẹ wo káàdì àjẹsára kí ẹ tó mú ọjọ́: ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, àti oṣù 9 tí wọ́n ń gba ti èéyi àti ibà pọ́njú. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ lónìí kí ẹ kọrí sọ́nà lọ́la, torí ara ọmọ lè gbóná, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ni àbí àìsàn. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ ti ń bọ̀, ẹ jí kúrò ní ìdájí. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìbàdàn kò mọ̀ pé ẹ gbé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ọmọ wà, nínú àga tirẹ̀, kó kọjú sẹ́yìn, kì í ṣe lórí itan ìyá rẹ̀ níwájú. Ẹ máa dúró kó mu ọmú. Ẹni tó bá ń kánjú nínú ọkọ̀ kejì, kó máa lọ.

Wàyí o, ẹ ti dé. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Mo mọ bó ṣe máa ń rí: bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti ń ṣí, ẹnìkan ti ń ya fọ́tò, ẹnìkan ti ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran ìgbẹ́, ẹnìkan ti bọ́ bàtà, ó ń wá omi. Ìyá ọmọ dúró síbẹ̀, ọmọ láyà, báàgì lẹ́jìká. Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ wọ yàrá kí ìyàwó yín tó wọ̀ ọ́. Ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Tó bá wà lẹ́bàá fèrèsé yín, ẹ gba yàrá mìíràn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Èéfín rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó pa odidi ìdílé lójú oorun. Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. Ó ya o, kò ya o, àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn tí ẹ gbé ti ilé wá ni kí ẹ ta lé ọmọ lórí. Ẹ ṣí omi ẹ̀rọ, ẹ fi ìgúnpá tọ́ ọ wò. Ẹ bèèrè ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, àti bóyá wọ́n ń ṣí lóru. Àlejò lójú, kò fi ríran: ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ lè mọ̀ ju ẹni tó gba owó lọ́wọ́ yín lọ. Ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́ta, tí témómítà bá ka 38 lára rẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ẹ jẹ́ kó di àárọ̀.

Tí ẹ bá ti ṣe èyí tán, ẹ jókòó. Ẹ wẹ̀ fún ọmọ, kó mu ọmú, kí ẹ tẹ́ aṣọ tó ti gba òórùn ilé sábẹ́ rẹ̀. Kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó kojú sókè. Yóò ké. Èmi ò tí ì rí ìkókó púpọ̀ tó sùn dáadáa lóru àkọ́kọ́ níbi tí kò mọ̀, ẹ má torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń ṣe é. Òkè Èkìtì máa ń tutù lóru, àgàgà nígbà ọyẹ́. Ẹ wọ ẹ̀wù tó nípọn fún un, àmọ́ ẹ má fi aṣọ bò ó lójú. Kí àwọn tó fẹ́ ṣe fàájì máa ṣe é, kí orin ṣáà jìnnà sí yàrá yín. Bàbá ọmọ lè lọ bá wọn díẹ̀, kó padà kí ìyá náà lè jáde. Mo mọ ọkọ tó jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìyàwó rẹ̀ tún fojú kàn án. Ta wá ló sinmi nínú irú ìsinmi yẹn?

Ọjọ́ kejì, ẹ lọ wo omi. Àwọn míṣọ́nnárì Bàtíìsì ti ń kó ọ̀dọ́ wá pàgọ́ sí Ìkógòsì kí ìjọba tó sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́, ohun tí wọ́n sì rí lẹ óò rí: ìsun gbígbóná níhìn-ín, ìsun tútù lọ́hùn-ún, tí wọ́n ṣàn wá pàdé ara wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ní ìyàwó méjì ọkọ kan ni wọ́n, ọ̀kan oníbìínú, èkejì oníwà tútù. (Mi ò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè ohun tí ọkọ ṣe tí ìyẹn fi ń bínú.) Níbi tí omi gbígbóná náà ti ń sun ló ti gbóná jù, ara ìkókó kò sì lè gba irú rẹ̀. Ẹ má gbé e débẹ̀ rárá. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, ó ti rọlẹ̀. Àwọn àgbà lè ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òkúta ń yọ̀, kí ẹni tó gbé ọmọ jókòó sí bèbè. Wọ́n á sọ fún yín pé omi náà ń woni sàn. Kò gbọdọ̀ kan ọmọ lẹ́nu: èyí tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ló ń mu. Tí ẹ bá yà sí Olúmirìn, omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele 7 ni wọ́n ní omi náà ní. Ìpele kìíní tó fún ẹni tó pọn ọmọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́. Ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ owó láti ilé, ẹ sì jẹ́ kó yé wọn pé ìyá ọmọ ló ni yàrá tó súnmọ́ balùwẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan náà ni gbogbo yín san. Ọmọ tó ń bá yín tọ́jú ìkókó, tí ẹ mú wá láti ilé, ẹ fún un ní ibùsùn tirẹ̀ àti oúnjẹ gbígbóná. Ìsinmi kò yẹ kó jẹ́ ti gbogbo yín kó ṣẹ́ ku òun nìkan. Ẹni tó bá ń wúkọ́ kò gbọdọ̀ fẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé àwòrán ọmọ sórí Facebook láìbi yín.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọ̀rẹ́ yín tó ti ṣègbéyàwó kí ẹ tó ṣe, tí kò sì tí ì bímọ. Ó bá yín wá, ó sanwó tirẹ̀. Ẹ má sọ ọmọ sí i lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ dé, kí ẹ wá máa ké "tìẹ náà á dé" lójú gbogbo èèyàn. Ó mọ àdúrà náà, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọkọ rẹ̀, ó ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má sì wá sọ ọ́ di ẹni tí yóò máa mójú tó ọmọ torí pé "kò ṣáà ní nǹkan tó ń ṣe." Tó bá wù ú láti gbé ọmọ, yóò ní kí ẹ gbé e fún òun.

Èmi ni,
Ìyá yín ní Iléṣà