Ìpàdé Pàtàkì Lórí Kànga Wa

Ẹ̀yin onílé àdúgbò wa ní Tanke, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú iṣẹ́ ìlú.

Ìpàdé ń bẹ ní Sátidé tó ń bọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀bá kànga ẹ̀rọ wa. Ọ̀rọ̀ kànga náà gan-an ni.

Gbogbo wa la dáwó gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n orúkọ alága wa tó ti dolóògbé ló wà lórí rìsíìtì ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ kò lè ní ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀ lábẹ́ òfin. Àwọn ọmọ olóògbé ò bá wa jà, ọmọ dáadáa ni wọ́n. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ẹnì kan níbẹ̀ tó ń fi téèpù wọn ilẹ̀, àyà mi já.

Ìgbìmọ̀ fẹ́ ká forúkọ ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ká sì yan àwọn tí yóò máa di ohun ìní wa mú. Ó ní ìnira tiẹ̀, mi ò ní fi pa mọ́: ọdọọdún la óò máa fi ìṣirò ránṣẹ́ sí CAC, ẹni tó bá ta ilé rẹ̀ ò ní lè gba ìpín tiẹ̀ nínú kànga lọ, a sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ àwọn tí a bá yàn, kí wọ́n má sọ ọ́ di tiwọn.

Ẹ mú rìsíìtì ìdáwó ìjọ́sí dání. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jogún ilé, ẹ kọ́kọ́ fikùn lukùn, ìbò kan ṣoṣo ni fún ilé kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rán ọmọdé wá. Ẹ fèsì síbí kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Akọ̀wé yín