Ẹ má fi fídíò àwọn òbí yín sílẹ̀ sórí fláàṣì kan ṣoṣo

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tí ó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síta jẹ mọ́ fídíò tí à ń náwó sí nígbà ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ìkómọjáde ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí níhìn-ín, pàápàá ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tí oní-fídíò bá ti gé e, tí ó ti tò ó, tí ó ti fi orin sí i, tí ó sì ti gbé e lé wa lọ́wọ́.

Ọdún 2017 ni a sin ìyá wa ní Kabba. Oní-fídíò tí a gbà lo kámẹ́rà méjì, ó sì fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó ti kọ̀ǹpútà kí iṣẹ́ náà tó parí. Ó ṣe é dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àárín ètò ìsìnkú náà ni ó fi fídíò ọjọ́ tí ìyá pé ọgọ́rin ọdún ní 2014 sí, níbi tí wọ́n ti jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ń fi èdè Owé gidi ki oríkì ilé wa láti orí baba ńlá wọn títí dé orí àbígbẹ̀yìn wọn. Fláàṣì kan ṣoṣo ni ó kó gbogbo rẹ̀ sí. A fi ọ̀rá wé e, a sì gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, nígbà tí àwọn ọmọ wálé láti Lọ́kọ́jà, Àbújá àti Èkó, a ki fláàṣì náà bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. A gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní àfi kí a fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí a nu gbogbo inú rẹ̀, kí òun tó lè lò ó, díẹ̀ ni ó sì kù kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ gbà fún un. Ẹnì kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Lọ́kọ́jà gbìyànjú títí, ó rí apá kan ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì àti ijó alẹ́ gbà padà. Kò rí ohùn ìyá. Nígbà tí a pe oní-fídíò, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti pa ti ọwọ́ òun rẹ́ kí àyè lè wà fún iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn. N kò dá a lẹ́bi, nítorí kò sí ẹni tí ó bá a ṣe àdéhùn pé kí ó tọ́jú rẹ̀, àwa náà kò sì béèrè.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí léèrè. Wọ́n jẹ́ kí n mọ̀ pé iná mọ̀nàmọ́ná tíntìntín tí a há mọ́ inú àwọn ihò kéékèèké ni fláàṣì fi ń rántí ohun tí a kọ sí i. Iná náà a máa jò díẹ̀díẹ̀ bí fláàṣì bá wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìlò, ooru a sì máa mú kí ó tètè jò. Orí tẹlifíṣọ̀n àti inú mọ́tò tí ó wà nínú oòrùn, ibi méjì tí a fẹ́ràn láti máa fi fláàṣì sí, kò dára fún un rárá. Háàdì dísìkì alágbèéká ni ó sàn jù fún ìpamọ́, ṣùgbọ́n òun náà ní ewu tirẹ̀: àwo tí ó ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ohun tí ó ń ka àwo náà sì súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí fọ́nrán irun orí kan kò lè gba àárín wọn kọjá. Bí ó bá já bọ́ níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, ó lè máà dìde mọ́. Bákan náà ni ó léwu láti fà á yọ kí kọ̀ǹpútà tó sọ pé a lè yọ ọ́, tàbí láti máa da fídíò sí i pẹ̀lú gẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ti ń tán lọ.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí fídíò ṣe ń tóbi tó, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ba iṣẹ́ dáadáa jẹ́ láìmọ̀. Fídíò HD wákàtí kan tí a ṣe ní ìwọ̀n mẹ́gábíìtì 8 (ìyẹn mẹ́gábáìtì 1) fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ń gba gígábáìtì 3.6. Ètò ìsìnkú wákàtí mẹ́rin yóò gba ju 14 lọ. Fláàṣì onígígábáìtì 32 gbà á láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n FAT32, ọ̀kan nínú àwọn ètò tí a fi ń to fáìlì sínú fláàṣì, ni wọ́n sábà máa ń fi tò ó láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, FAT32 kì í sì í gba fáìlì kan tí ó bá tó gígábáìtì 4. Nígbà tí oní-fídíò bá rí i pé fáìlì kò wọlé, tí àyè sì pọ̀ níbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fún fídíò náà pọ̀ títí ojú àwọn ènìyàn yóò fi di ìdàrúdàpọ̀. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Kí ó fi ètò exFAT tí Microsoft gbé jáde ní 2006 tò ó, kí ó tó da fídíò sí i. Nítorí pé àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ mìíràn kì í ka exFAT, ẹ jẹ́ kí ó ṣe ẹ̀dà kékeré kan fún wíwò nínú ilé, kí ẹ̀dà tí ó mọ́ jù sì jẹ́ ti ìpamọ́.

Àwọn kan máa ń fọkàn balẹ̀ pé iṣẹ́ náà ṣì wà nínú sọ́fítíwíà tí oní-fídíò fi tò ó. Ohun tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe fídíò: àkọsílẹ̀ ni, tí ó ń sọ pé kí a lọ mú èyí níhìn-ín kí a sì gé e níbí. Ní ọjọ́ tí ó bá ti pa fídíò tí kámẹ́rà yà rẹ́, àkọsílẹ̀ náà kò ní ohun tí yóò mú mọ́. MP4, ìyẹn fáìlì fídíò gan-an, tí ó ti parí ni kí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì gba èyí tí kámẹ́rà yà pẹ̀lú bí agbára wa bá ká háàdì dísìkì tí yóò gbà á. Èyí tí a fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fídíò lórí WhatsApp kò sì lè rọ́pò rẹ̀, nítorí pé WhatsApp ti dín in kù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí.

Ẹ ṣọ́ra fún fláàṣì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ńlá sí lára, tí owó rẹ̀ sì kéré jọjọ. Ayédèrú inú wọn a máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé àyè pọ̀ nínú òun, a sì máa da ohun tí ó bá ṣẹ́kù nù. H2testw, ètò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì, yóò kọ nǹkan kún inú rẹ̀, yóò sì kà á padà kí ẹ tó fi ohun iyebíye sí i.

Ìlànà tí àwọn ayàwòrán ń tẹ̀ lé, èyí tí Peter Krogh ará Amẹ́ríkà jẹ́ kí ó gbajúmọ̀, ni pé kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n wà lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn. Èyí rọrùn fún àwa Okun, Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Kogí, ju bí a ti rò lọ, nítorí kò sí ilé kan ní Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú tàbí Búnú tí kò ní ọmọ ní ìlú mìíràn. Kí háàdì dísìkì kan wà nílé, kí òmíràn wà lọ́wọ́ ọmọ tí ó wà ní Àbújá, kí ẹlòmíràn nínú ẹbí gbé ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí a máa ṣí wọn wò lọ́dọọdún, kí a sì da wọ́n sórí tuntun lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, kódà bí wọ́n bá ṣì ń ṣiṣẹ́.

Mo ń rọ ẹgbẹ́ àwọn oní-fídíò ní agbègbè wa pé kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú àdéhùn iye oṣù tí wọn yóò fi tọ́jú iṣẹ́ oníbàárà, kí wọ́n sì máa pe ẹbí kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ẹ̀dà méjì ni kí wọ́n máa kó fúnni, kí wọ́n fi owó rẹ̀ kún iṣẹ́. Ẹbí tí ó lè pa màlúù lè ra háàdì dísìkì. Àwọn tí ó ní kásẹ́ẹ̀tì VHS láti ìgbà tí a ṣì wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, kí Kogí tó dá dúró ní 1991, kí wọ́n má ṣe fi dídà á sórí kọ̀ǹpútà falẹ̀, torí pé ilé-iṣẹ́ Funai ní Japan, tí ó kù tí ó ń ṣe ẹ̀rọ tí ń ka kásẹ́ẹ̀tì náà, ti dáwọ́ dúró láti 2016.

Ní tiwa, a ṣì ń wá ohùn ìyá. Àwọn ènìyàn pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Kabba lọ́jọ́ náà ní 2014, mo sì rántí pé fóònù wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó bá ka ìwé yìí, tí ó wà níbẹ̀, tí ó sì ní mẹ́mórì káàdì àtijọ́ kan tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kí ó má ṣe jù ú nù, kí ó má sì fọ́máàtì rẹ̀ títí yóò fi wò ó.

Èmi ni,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan,
Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogí.