Nípa àwọ̀ àwọn ọmọ ogun rẹ tó kù

Nottingham, Oṣù Kẹwàá

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn pé o ti tú páálí àwọn ọmọ ogun eegun yẹn, àwọn ère kéékèèké tí a máa ń kùn. Mo ti rò pé Texas ti gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ pátápátá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ìwọ àti Ìyá Ìbejì.

O ní kí n kọ orúkọ pẹ́ńtì tó rọ́pò àwọn tó ti gbẹ mọ́ ìgò. Ìyẹn kò le. Ní 2012 ni Citadel, àwọn tó ṣe pẹ́ńtì ère tí o lò, yí orúkọ pẹ́ńtì wọn pa dà. Scorched Brown rẹ di Rhinox Hide, Snakebite Leather di Balor Brown, Bleached Bone di Ushabti Bone, Devlan Mud, omi àwọ̀ tó ń wọ kòtò ara ère, tí a fẹ́ràn bí ẹ̀mí, sì di Agrax Earthshade. Bí ti Vallejo, ilé iṣẹ́ pẹ́ńtì mìíràn, lo bá fẹ́, pẹ́ńtì wọn tó ń jẹ́ Game Color ni kí o wò: Charred Brown, Leather Brown àti Bonewhite ni wàá bá níbẹ̀. Ó tán. Ṣùgbọ́n bí o bá ra wọn bẹ́ẹ̀, tí o kun àwọn tó kù, tí o wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, èmi lo máa bínú sí.

Má wá àrọ́pò fún àwọ̀ kan ṣoṣo, ìdílé àwọ̀ ni kí o wá. Ère tí kò ga ju mìlímítà 30 lọ, ojú kì í dá àwọ̀ kan mọ̀ lára rẹ̀. Bí àwọ̀ ṣe ń rìn láti ibi tó ṣókùnkùn dé ibi tó mọ́lẹ̀ ni ojú ń rí. Bí o bá mú òjìji láti ilé iṣẹ́ kan, tí o mú àárín láti òmíràn, tí o tún wá ìmọ́lẹ̀ lọ síbi kẹta, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jọ èyí tó rọ́pò, kí ìrìn náà sì já láàárín ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti ilé kan wá, kódà kí wọ́n pọ́n díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, eegun náà ni yóò máa jẹ́. O tiẹ̀ wà nítòsí ibi tó yẹ: Reaper, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ère àti pẹ́ńtì, wà ní Denton níbẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì to pẹ́ńtì Master Series wọn, òjìji, àárín, ìmọ́lẹ̀. Bí mo bá wà ní ipò rẹ, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ yà sí.

Gbé ojú kúrò lára fóònù. Àwọ̀ tí o ń rí níbẹ̀, kámẹ́rà ti yí i pa dà, fóònù rẹ tún ti yí i ní tirẹ̀. Àwọn àtẹ tí wọ́n fi ń wé pẹ́ńtì ilé iṣẹ́ kan mọ́ ti òmíràn wúlò láti fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti fi parí. Mú ère kan tó dára jù nínú èyí tí o ti kùn, kí òun jẹ́ òṣùwọ̀n. Wá ṣíbí ike, fi pẹ́ńtì ìpìlẹ̀ tí o lò nígbà náà kùn ún (dúdú ni, mo rántí), fa àwọn tuntun lé e lórí ní ìlà ìlà, kí o sì ní sùúrù kó gbẹ, torí bí pẹ́ńtì olómi bá gbẹ, ó máa ń ṣókùnkùn sí i. Lẹ́yìn náà, gbé méjèèjì síta. Àwọ̀ méjì lè bára mu lábẹ́ gílóòbù kí wọ́n sì kọ ara wọn nínú oòrùn, nítorí èròjà inú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa kì í fi í sanwó gèlè ní Balógun láì gbé e jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù.

Àwọ̀ búráùn kò ní dà ọ́ láàmú. Ìpẹtà irin ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ilé iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, ó sì máa ń bo ohun tó wà nísàlẹ̀ dáadáa. Aṣọ pupa àwọn balógun wọn ni iṣẹ́ wà. Blood Red ti di Evil Sunz Scarlet, ṣùgbọ́n Layer (èyí tí a ń fà lé orí òmíràn) ni Citadel kọ sí i lára, ó fẹ́lẹ́. Fi Mephiston Red, tó jẹ́ Base (èyí tó ń bo ìsàlẹ̀ dáadáa), tẹ́ ilẹ̀ fún un. Bí o bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá pupa méjì bára tan, po funfun díẹ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá lọ sí píńkì tí èkejì lọ sí àwọ̀ ọsàn, wọn kò bára tan. Ìgò Vallejo tó ń kán ló dára fún àpòpọ̀, torí o lè ka ẹ̀kán kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Má ṣe po pẹ́ńtì Tamiya mọ́ ọn ní tìrẹ o. Ọtí wà nínú rẹ̀, ó lè mú kí Vallejo dì.

Ti Devlan Mud ló kù. Ohun yòówù kí wọ́n sọ, Agrax kì í ṣe òun, Strong Tone ti ilé iṣẹ́ Army Painter náà kì í ṣe òun. Má bá a jà. Yan ọ̀kan, bu omi là á, kí o fà á fẹ́lẹ́ sára ti àtijọ́ àti ti tuntun, gbogbo wọn pátá, kí o wá fi Bonewhite kan náà tọ́ orí eegun wọn. Kun etí ìdúró wọn ní àwọ̀ kan, da yanrìn kan náà sí i. Òkè tí a fi parí ló ń so wọ́n pọ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ gbàgbé: HMG ní Manchester, àwọn tó ń ṣe pẹ́ńtì Citadel láyé àtijọ́, ṣì ń ṣe pẹ́ńtì Coat d'arms. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀ síhìn-ín, jẹ́ kí n mọ̀, màá fi àwọ̀ eegun wọn rán an. Ya àwòrán ṣíbí náà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n lójú ọ̀sán o, jọ̀wọ́.

Èmi ni,
Wálé