Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, àbúrò mi tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè sórí kọ̀ǹpútà

Àdùkẹ́ mi,

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lóru. Jọ̀ọ́, má pa tábìlì yẹn, ibi tí o ń to àwọn ọ̀rọ̀ sí, rẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti sú ọ, ṣùgbọ́n bí o bá fi DROP TABLE pa á rẹ́, tí o tún ṣe òmíràn bákan náà, ibi tó há sí yìí náà ni yóò tún há sí.

Jẹ́ ká ka ohun tí MySQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá ọ tọ́jú àwọn ọ̀rọ̀ náà, kọ sí ọ nígbà tí o fẹ́ fi ọkọ̀ sí i, ká kà á dópin:

ERROR 1062 (23000): Duplicate entry 'ọkọ̀' for key 'iwe_oro.oro'

O ti pàṣẹ fún un pé ọ̀rọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọkọ̀ ti wà nílẹ̀. Ìwọ ní o kò tíì kọ ọ́ rí, òótọ́ sì ni. Ẹ̀yin méjèèjì ò purọ́. Tẹ èyí, kó o wò ó:

SELECT oro FROM iwe_oro WHERE oro = 'ọkọ̀';

"Oko" ni yóò gbé jáde fún ọ. Lójú rẹ̀, oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ síra.

Láti MySQL 8.0 tó jáde ní 2018, bí o kò bá yan collation, ìyẹn òfin tó fi ń mọ ọ̀rọ̀ tó bára mu, utf8mb4_0900_ai_ci ni yóò lò. "ai" yẹn ni kì í ka àmì sí, bẹ̀rẹ̀ látorí àmì ohùn títí dé ìdí ẹ, ọ àti ṣ. Ó wúlò fún ẹni tó ń wá nǹkan lórí fóònù tí kò lámì. Ṣùgbọ́n kéèyàn fi to ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ, ó dùn mí gan-an. Èdè wa kọ́ nìyẹn mọ́.

Kọ́kọ́ fi mysqldump ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Má fo èyí o! Lẹ́yìn náà:

ALTER TABLE iwe_oro MODIFY oro VARCHAR(100) CHARACTER SET utf8mb4 COLLATE utf8mb4_0900_as_ci NOT NULL;

"as" ń ka àmì sí. "ci" kò ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí, ìyẹn ò sì pa wá lára.

Bí o bá gbé e lọ sórí MySQL àtijọ́, ṣọ́ra fún latin1, ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà tó jẹ́ àbáwá rẹ̀ kí 8.0 tó dé. Kò lè gba "ọ" rárá: yálà kó fi ERROR 1366 dá ọ dúró, tàbí kó sọ ọkọ̀ di ?k?? láìpariwo. Èyí tí kò pariwo yẹn ni mò ń bẹ̀rù jù.

Ó ku àwọn tí yóò máa wá ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i. Níbi ìwákiri nìkan, kọ WHERE oro COLLATE utf8mb4_0900_ai_ci = 'oko', gbogbo wọn á sì jáde pa pọ̀ kí wọ́n lè mú èyí tí wọ́n fẹ́.

Tí ọkọ̀ bá ti wọlé, fi ọkọ́ tẹ̀ lé e, kí o sì pè mí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ