Dìgírì General Studies tí wọ́n fi dí ọmọ mi lọ́nà

Olóòtú,

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni ìwé dé láti ilé ìwé tuntun tí ọmọ mi obìnrin fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọn ò ní fún un ní Pell Grant, owó ìrànwọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́, nítorí ó ti ní dìgírì nílẹ̀. Inú mọ́tò ni mo ti kà á, níwájú ibi iṣẹ́ òru mi, ẹsẹ̀ mi ò sì gbé mi sọ̀ kalẹ̀.

Dìgírì wo? General Studies ni! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ má rò pé GST táwọn ọmọ yín ń ṣe ni mò ń wí o. Odindi dìgírì ni níbí. Wọ́n á ṣa kọ́ọ̀sì jọ níhìn-ín lọ́hùn-ún títí kírẹ́díìtì 120 á fi pé. Èèyàn ò lè fi í jókòó ṣe NCLEX, ìdánwò tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yege kó tó gba láísẹ́ǹsì.

Kì í ṣe ohun tọ́mọ mi bá lọ nìyẹn. Pre-nursing, ìyẹn ìmúrasílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, ni ilé ìwé tó kọ́kọ́ lọ kọ sínú ìwé ìgbaniwọlé ẹ̀, àwa sì ń yọ̀ pé nọ́ọ̀sì ti dé. Ìparí ọdún kejì la tó mọ̀ pé ó ṣì máa du àyè nínú nọ́ọ̀sì gan-an, àyè ọ̀hún ò sì tó nǹkan nílé ìwé kékeré. C tó gbà nínú Anatomy, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, ló dí i lọ́wọ́. Wọn ò ní kó tún un ṣe. Wọn ò ní kó lọ sí community college, ilé ìwé gíga ìjọba tó ń fúnni ní dìgírì ọdún méjì, níbi tó ti lè fi bí ọdún méjì kọ́ nọ́ọ̀sì kó sì ṣe NCLEX kan náà. Wọ́n ní General Studies ló máa yá jù, pé tó bá parí, á rọ́nà gbà. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù fún un, ó fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ogún ọdún! Ọ̀pọ̀ ilé ìwé níbí kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ ọmọ fún òbí àfi tọ́mọ bá gbà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọjọ́ tó bá gba dìgírì yẹn ni Pell Grant dópin.

Torí pé ilé ìwé náà kéré ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Mo ní wọ́n á mọ ọmọ mi lórúkọ.

Mi ò ní General Studies ò dáa. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kó kírẹ́díìtì ilé ìwé mẹ́ta jọ, ó fi parí, wọ́n sì gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Òun mọ ohun tó ń wá. Àmọ́ kí alákòóso máa ti ọmọ síbẹ̀ kí iye àwọn tó ń parí lè pọ̀, ìwà ìkà ni.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí: kí wọ́n fún ọmọ ní ìwé ojú kan kó tó kúrò ní kọ́ọ̀sì tó bá wá. Kí wọ́n kọ láísẹ́ǹsì tí dìgírì náà lè gbà síbẹ̀, àti èyí tí kò lè gbà. Kí wọ́n kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí Pell Grant lọ́jọ́ tó bá parí, ní lẹ́tà gàdàgbà. Kí wọ́n dárúkọ àwọn ilé ìwé míì tó ti lè kọ́ iṣẹ́ tó ń wá. Kí ọmọ gbé e lọ sílé fún ọjọ́ méje kó tó fọwọ́ sí i, kí ẹni tó gbà á nímọ̀ràn náà fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè rí ẹni bi lọ́la.

Kí wọ́n sì yéé pe ohun tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì ní pre-nursing. Ẹ̀yin òbí, nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí wa, ẹ bi wọ́n.

Pell Grant ọmọ mi ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde káwọn ọmọ tó wọlé lóṣù kẹjọ.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta,
Houston, Texas